Díìṣì Orí Ọkọ̀: Tẹlifíṣàn fún Ará Ọ̀nà

  

Ìsinmi àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ló sì wà lẹ́nu gbogbo ìdílé. Mo ń kíyè sí ohun kan láàárín àwa Yorùbá ìlú Manchester yìí. Tẹ́lẹ̀, bí àyè ọ̀sẹ̀ kan bá yọ, a ó sáré lọ kí ẹbí ní London, tàbí ká jókòó sílé ká fi oorun san gbèsè ara. Ní báyìí, àwọn ará wa ti ń háyà motorhome, ọkọ̀ ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, tó ní ìdáná, tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí bàbá, ìyá àti ọmọ á kó sí ní Cheetham Hill láàárọ̀, tí ilẹ̀ á sì ṣú wọn létí adágún Windermere láì san owó hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan tiẹ̀ ti ra tiwọn.

Iṣẹ́ díìṣì ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń pè. Ìbéèrè wọn kì í yàtọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé dandan ni ká gbé díìṣì lé orí ọkọ̀ yìí? Ṣé fóònù ò tó ni?” Èsì tí mo máa ń fún wọn náà ni mo mú wá síbí nírọ̀lẹ́ yìí: ẹ gbé díìṣì dání, fóònù ò tó. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ju ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ lọ, torí pé ohun rere kan ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò sì tíì fura.

Ní àárín Manchester, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ lè wo fíìmù nínú bọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ wo ìwàásù nínú tram, kò sí ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gba ọ̀nà Snake Pass kọjá láti Glossop lọ sí Sheffield, tàbí kí ẹ sọ̀kalẹ̀ sí Edale nínú àfonífojì Peak District, ìrìn tí kò ju bíi wákàtí kan lọ láti ilé yín, ẹ ó rí i bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì orí fóònù ṣe ń lọ sílẹ̀ títí á fi kú pátápátá. Òkè ló dí i. Lake District rí bẹ́ẹ̀, òkè Eryri ní Wales rí bẹ́ẹ̀, àríwá Scotland sì le ju ìyẹn lọ. Wi-Fi ibùdó ìpàgọ́ ńkọ́? Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ìdílé bá jẹun alẹ́ tán tí gbogbo wọn jọ tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó máa wo àmì róbótó tó ń yí bírí lójú fóònù ni. Ẹ tún ro owó détà. Fíìmù tó mọ́ lójú dáadáa lè jẹ tó gígábáìtì mẹ́ta ní wákàtí kan. Ìdílé tó ní ọmọ mẹ́rin, tí oníkálukú ń wo tirẹ̀, á ti jẹ détà oṣù kan tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àwọn mìíràn á ní, “Áńtẹ́nà lásán ńkọ́?” Áńtẹ́nà dára fún ẹni tó dúró lójú kan. Tiwa níbí, òpó Winter Hill lórí òkè tó wà nítòsí Bolton ló ń fọ́n tẹlifíṣàn Freeview ká, ó sì ga ju 300 mítà lọ. Bí ẹ bá ti jáde kúrò níbi tí òpó yẹn ń kárí, ẹ gbọ́dọ̀ wá òpó mìíràn rí, ẹ kọ áńtẹ́nà sí i, kí ẹ sì tún gbogbo ìkànnì wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn òpó kéékèèké kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dá áńtẹ́nà dúró lóròó dípò ìbú kó tó lè gbà. Ẹni tó ń yí ibùdó padà lójoojúmọ́ kò ní ráyè sinmi.

Sátẹ́láìtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi kan náà lójú ọ̀run ni ẹ ó máa wá a sí, ẹ̀ báà wà ní Blackpool, ẹ̀ báà wà ní Cornwall.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Arthur C. Clarke kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn Wireless World. Ó ní bí a bá lè gbé ẹ̀rọ kan lọ sókè, ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sí ilẹ̀, lókè ìlà agbedeméjì ayé gan-an, ẹ̀rọ náà á máa yí ayé po ní ìwọ̀n àkókò tí ayé fi ń yí ara rẹ̀ po. Ẹni tó wà nílẹ̀ á rí i pé kò kúrò lójú kan. Mẹ́ta péré irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ayé tán.   

Irú ẹ̀rọ tí Clarke sọ yẹn ti wà lókè báyìí. Àwọn sátẹ́láìtì tó ń fún Britain ní tẹlifíṣàn lónìí ni Astra 2E, Astra 2F àti Astra 2G. Ìwọ̀n dígírì 28.2 ní ìlà-oòrùn ni wọ́n wà. Bí ẹ bá ju okùn sílẹ̀ tààrà láti ọ̀dọ̀ wọn, ilẹ̀ Congo ni okùn náà á kàn, ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Lókè orí Áfíríkà ni BBC àti ITV ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Manchester. Gbogbo díìṣì tí ẹ ń rí lára ògiri ilé ní Moss Side, ní Longsight, ní Gorton, Áfíríkà ni gbogbo wọn kọjú sí.

Ibi tí ìṣòro ará ọ̀nà wà nìyí. Ní Ìbàdàn, díìṣì DStv gbójú sókè gan-an. Sátẹ́láìtì tó ń wò, lókè Kenya, ga ní ìwọ̀n tó lé ní 50 sí ilẹ̀. Igi ọ̀dọ̀ aládùúgbò kì í sábà dí i. Manchester jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ìwọ̀n bíi 23 péré ni sátẹ́láìtì tiwa ga sí ilẹ̀. Ní Inverness ní Scotland, kò tó 20. Sátẹ́láìtì tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, igi á dí i, ilé á dí i, motorhome ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ yín náà lè dí i. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí díìṣì yín bá wà nílẹ̀, igi tó ga ní mítà 10 gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó mítà 24 kó tó lè ríran kọjá lórí rẹ̀. Bí díìṣì bá wà lórí ọkọ̀, bíi mítà 17 á tó.

Èyí ni mo fi máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba àyè ní ibùdó, ẹ má bèèrè àyè tó lẹ́wà jù nìkan. Ẹ bèèrè àyè tí ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn rẹ̀ ṣí. Òṣìṣẹ́ ibùdó tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ ohun tí ẹ ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Burrs Country Park ní Bury, létí odò Irwell, níbi tí reluwé tí oru omi gbígbóná ń gbé rìn, ti East Lancashire Railway, ti máa ń kọjá. Caravan and Motorhome Club ní ibùdó kan níbẹ̀, ó sì dára fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́, torí bí nǹkan bá dàrú, ilé ò jìnnà. Ẹ gbé ọkọ̀ dúró kó tẹ́ dáadáa. Ẹ mú kọ́ńpáàsì, ẹ rìn kúrò lẹ́bàá ọkọ̀, torí irin á tan kọ́ńpáàsì jẹ. Ẹ wá ìwọ̀n 144. Ibẹ̀ ni. Ẹ wo ọ̀gangan yẹn dáadáa kí ẹ tó já ohunkóhun sílẹ̀: ṣé igi wà níbẹ̀? Bí ó bá wà, ẹ wá àyè mìíràn nísinsìnyí, kò tíì pẹ́. Bí kò bá sí, ẹ gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta díìṣì kalẹ̀ síbi tó le, kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kọ́ àárín rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e ṣubú. Ẹ gbé ojú díìṣì sí ìwọ̀n 23. Ẹ wá máa yí i, díẹ̀ báyìí, bí ìbú èékánná ọwọ́, kí ẹ sì dúró kí dikódà ríbi mí sí kí ẹ tó tún yí i. Ọmọ kan á wà nínú ọkọ̀, á tẹjú mọ́ ìlà tó ń fi agbára ìgbì hàn lójú tẹlifíṣàn, á máa ké jáde pé, “Ó ń bọ̀, Dádì, ó ń bọ̀… Háà, ó ti lọ!” Ìkánjú ló lé e lọ. Ẹ fà á padà díẹ̀, á dé.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Nígbà mìíràn ìgbì á lágbára, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n ìkànnì kankan kò ní jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sátẹ́láìtì mìíràn lẹ bá pàdé. Àwọn Astra tó ń fún Jámánì ní tẹlifíṣàn wà ní ìwọ̀n 19.2, lápá ọ̀tún tiwa bí ẹ bá kọjú sí wọn. Ẹ yí díìṣì sí òsì díẹ̀. Ojú kékeré tó wà lẹ́nu díìṣì, tí wọ́n ń pè ní LNB, òun náà gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Bó bá dúró ṣánṣán, àwọn ìkànnì kan á wọlé, àwọn kan kò ní wọlé.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbogbo wàhálà yìí lè ra èyí tó ń wá sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, díìṣì orí òrùlé á dìde, á yí, á wá a rí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Owó rẹ̀ máa ń kọjá ẹgbẹ̀rún kan pọ́ùn. Èyí tó wà nínú ike róbótó kò bẹ̀rù atẹ́gùn, ṣùgbọ́n díìṣì inú rẹ̀ kéré, ó sì máa ń jìyà bí ẹ bá lọ jìnnà sí àríwá. Ní tèmi, ẹni tó ń háyà ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò nílò rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó.

Òjò ńkọ́? A kúkú ń gbé Manchester. Ìgbì tẹlifíṣàn sátẹ́láìtì kúrú gan-an, ẹ̀kán omi òjò sì máa ń gbé e mì. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo DStv l'Ékòó nígbà tí òjò oṣù kẹfà ń rọ̀ mọ bó ṣe máa ń rí: àwòrán á fọ́ wẹ́wẹ́, ohùn á gé, gbogbo rẹ̀ á sì dúdú. Òjò tiwa níbí kì í sábà le tó ti Èkó, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì tó rẹlẹ̀ ń jẹ́ kí ìgbì rìn pẹ́ nínú òjò kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Oògùn rẹ̀ ni pé kí ẹ tún díìṣì ṣe dáadáa nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́. Ẹni tó fi í sílẹ̀ nígbà tó kàn ń rí àwòrán díẹ̀díẹ̀, òjò kékeré ló máa kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti iná mànàmáná, n kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ ra tẹlifíṣàn àti dikódà tó ń lo 12 fólítì, kí ẹ má sì lo bátìrì inú ọkọ̀ kọjá ìdajì kó má baà bàjẹ́. Ẹni tó ti fi inverter gbé ilé ní Nàìjíríà mọ èyí ju èmi lọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti tò, kí lẹ ó wá wò? Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn Sky ti wà lórí ìwọ̀n 28.2 yẹn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1998, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣàn díjítà wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, BBC àti ITV jọ dá Freesat sílẹ̀. Freesat ni mo fẹ́ràn fún ará ọ̀nà. Ẹ ra dikódà, ẹ ti parí. Kò sí owó oṣù. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tò ó, á bèèrè ibi tí ẹ ń gbé, á sì rántí rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ wà létí òkun ní Cornwall, ìròyìn North West Tonight láti Salford ló ṣì máa ń wọlé sí yín nírọ̀lẹ́. Ẹ ó gbọ́ bí ọ̀nà M60 ṣe rí, ẹ ó mọ̀ bóyá tram ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń fi ọkàn balẹ̀ gan-an fún ẹni tó fi ilé sílẹ̀.

Bọ́ọ̀lù: mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń retí ìyẹn. Òfin kan wà tó ti wà láti àwọn ọdún 1960: láti aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọjọ́ Sátidé, tẹlifíṣàn Britain kò gbọ́dọ̀ fi eré bọ́ọ̀lù hàn ní tààràtà, kí àwọn ènìyàn lè máa lọ sí pápá, pàápàá pápá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Ẹ gbé motorhome yín dúró sí ẹ̀bá Old Trafford, ẹ ó máa gbọ́ ariwo nínú pápá, ẹ kò sì ní rí eré aago mẹ́ta náà lójú tẹlifíṣàn. Àbúrò yín tó wà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Mushin ń wò ó lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta dikódà jìbìtì fún yín nítorí èyí. Rédíò ń ka eré náà fún yín láìsanwó.

Ti èdè wa ló ń dùn mí jù. Ní ọdún 2003, Alistair Soyode dá BEN Television sílẹ̀, ó gun orí Sky. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ọmọ Áfíríkà tó wà ní Britain bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú ara rẹ̀ nínú dikódà kan náà tí BBC wà. Ọ̀nà òfúrufú wọ́n púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìkànnì Áfíríkà yẹn ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Fíìmù Yorùbá ti kó lọ sí YouTube. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ Yorùbá nínú motorhome, ẹ gbà á sórí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì nílé, níbi tí Wi-Fi yín ti lágbára, kí ẹ tó gbéra. Ẹ má dúró di Edale.

Ohun kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu lórí Astra 2F. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 ni wọ́n jù ú sókè. Apá kan nínú ìgbì rẹ̀ kọjú sí Britain, apá mìíràn kọjú sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí Multi TV ti Ghana ti lò ó. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ó ń bá Manchester sọ̀rọ̀, ó sì ń bá Accra sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì méjèèjì kì í pàdé: ẹ má ra dikódà Freesat lọ fún Bàbá ní Abẹ́òkúta, kò ní gba BBC. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì sí Spain jẹ ìyà yìí ní oṣù kejì ọdún 2014, nígbà tí BBC kó ìkànnì rẹ̀ lọ sórí ìgbì tóóró ti Astra 2E tó dojú kọ Britain nìkan. Ọ̀pọ̀ díìṣì tó ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ kú lójijì. Bí motorhome yín bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí ilẹ̀ Faransé, àríwá ibẹ̀ ṣì dára; bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sí gúúsù ni àwòrán á máa ṣe aláìsí.

Òfin díẹ̀ rèé. Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ rí ojú tẹlifíṣàn nígbà tó ń wakọ̀. Òfin ọkọ̀ ti ọdún 1986 ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu. Owó láísẹ́ǹsì tẹlifíṣàn, tó di £174.50 ní oṣù kẹrin ọdún 2025, tí ẹ san fún ilé, ó kárí motorhome yín tó ń rìn kiri. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ náà ńkọ́? Ẹni tó gba tirẹ̀ ní Britain láti ọdún 1997 wá, ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kìlógírámù 3,500 lọ ló lè wà, àyàfi tó bá tún ìdánwò mìíràn ṣe. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó háyà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa sọ nínú ọkàn wọn pé, kí ni ènìyàn ń wá lọ sí ẹ̀bá adágún tó bá jẹ́ tẹlifíṣàn ló fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Mo gbọ́. Kí àwọn ọmọ wẹ̀, kí wọ́n gun òkè, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ koríko. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ á ṣú, òjò á rọ̀, ẹ ó sì jókòó mẹ́fà nínú yàrá kan tó kéré ju pálọ̀ lọ. Nínú yàrá yẹn, mo ti rí ohun tí fóònù kò lè ṣe. Ìyá kan wá láti Òṣogbo, ó wá wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Salford. Wọ́n mú un lọ sí Coniston. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ètò orin ìjọ tí wọ́n ń pè ní Songs of Praise bẹ̀rẹ̀ lórí BBC One. Màmá ò gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí dùùrù gbé orin, Màmá mọ̀ ọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá gbè é, ohùn wọn sì borí ti tẹlifíṣàn. Àwọn ọmọ ọmọ gbé fóònù sílẹ̀. Àgbàlagbà yẹn kò ní ímeèlì, kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kò sì ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n bá wọn wá ètò náà. Wọ́n tẹ nọ́ńbà kan lára rìmóòtù, ó sì dé.

Ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Sky gbé Sky Glass jáde ní ọdún 2021, ó gbé Sky Stream jáde ní ọdún 2022, íntánẹ́ẹ̀tì ni méjèèjì ń lò, wọn kò nílò díìṣì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ofcom, àjọ tó ń bójú tó tẹlifíṣàn ní Britain, gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀nà tí tẹlifíṣàn yóò máa gbà dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ iwájú. Ìjọba ti fọwọ́ sọ̀yà fún Freeview títí di ọdún 2034 ó kéré tán, àwọn tó ń pè fún pé kí gbogbo nǹkan lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń pọ̀ sí i. N kò bá íntánẹ́ẹ̀tì jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé sátẹ́láìtì dà bí akéde tó ń lu agogo ní àárín ọjà: kò bèèrè orúkọ yín, kò gba owó lọ́wọ́ olùgbọ́, bí ẹgbẹ̀rún kan bá sì wá sí i, ohùn rẹ̀ kò dín kù fún ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ka iye détà tó kù lórí fóònù rẹ̀, arúgbó tí kò mọ aṣínà, awakọ̀ tó sun àfonífojì mọ́jú, gbogbo wọn ló ń gba ohun kan náà tí ọlọ́rọ̀ ń gbà.

Mo ní iṣẹ́ kan láti bẹ̀ yín nínú ìsinmi yìí. Ẹ gba ọ̀nà Cheshire lọ sí Jodrell Bank, nítòsí Goostrey, kò jìnnà. University of Manchester ló ni ibẹ̀. Díìṣì tó wà níbẹ̀, Lovell Telescope, fẹ̀ ní mítà 76. Ọdún 1957 ni wọ́n parí rẹ̀, UNESCO sì fi ibẹ̀ sára àwọn ohun ìní àjogúnbá ayé ní ọdún 2019. Ní oṣù kejì ọdún 1966, nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú Luna 9 ti Soviet balẹ̀ sí ojú òṣùpá, Jodrell Bank gba àwọn àwòrán rẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, wọ́n sì jáde nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ yìí. Wọ́n á ní kí ẹ pa fóònù yín níbẹ̀, kó má baà ṣèdíwọ́ fún ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró lábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ilẹ̀ wa náà ní irú rẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Lánlátẹ̀ ní Ìbàràpá ni wọ́n kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì sí tó so Nàìjíríà mọ́ gbogbo ayé. Ẹ sọ fún wọn pé Nàìjíríà ju sátẹ́láìtì NigComSat-1 sókè ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, pé ó bàjẹ́ lókè ní ọdún 2008, pé wọ́n sì ju NigComSat-1R sókè ní oṣù kejìlá ọdún 2011 láti fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí aṣòfin àdúgbò yín bá sì wá gba ìbò, tàbí tí wọ́n bá fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí yín lórí tẹlifíṣàn ọjọ́ iwájú, ẹ má jù ú sínú bíìnì. Ẹ kọ èsì. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe pa tẹlifíṣàn òfúrufú tí kò gba détà, torí àwọn òbí wa àti torí ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò ní ibùdó lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo orí òrùlé, kí ẹ rí i pé díìṣì ti sùn sílẹ̀ pátápátá. Ẹ kú ìrìn o.